Mo Ń Bọ̀ Wá Gba Mẹ́wàá Mi Padà

Tómilọ́lá ọmọ mi, ọmọ onílé obì,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Ìbàdàn? Olúwa á máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Gbogbo wa ní Ìwàrà kí ọ, ewúrẹ́ rẹ náà ti bímọ.

Lóṣù tó kọjá, àwọn ọ̀mọ̀wé yunifásítì rán ọmọbìnrin kan wá láti Ìbàdàn níbẹ̀, Àsmá'ù lorúkọ rẹ̀, ọmọ Òṣogbo ni, ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa. Ó ní ara ìjọba tiwa-n-tiwa làwọn ń yẹ̀ wò, kí n fún un ní máàkì, òdo ni pé ó ń kú lọ, mẹ́wàá ni pé ara rẹ̀ le koko. Tómi, ìwọ náà wò ó, kí wọ́n bi mí léèrè ara ọmọ ọlọ́mọ ní kùtùkùtù, kí n wá lanu ní kò yá? Ta ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀? Ọdún tí àwọn ṣọ́jà gbé ìjọba sílẹ̀, tí wọ́n bí tiwa-n-tiwa yìí, náà ni mo bí ọ, ẹgbẹ́ rẹ ni. Mo ní a dúpẹ́, ara le, kó kọ mẹ́wàá. Mo tún ṣàdúrà pé kò ní kú ní kékeré. Àsmá'ù ṣe àmín, ó tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù gbàgàdà kan.

Àfi bí mo ṣe gbọ́ lórí rédíò lánàá pé àwọn ọ̀mọ̀wé ti kà á tán, pé ìjọba tiwa-n-tiwa ń gbádùn lọ́dọ̀ àwa ará oko nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Yéè! Ẹnu mi ni wọ́n gbé dé rédíò! Afárá odò oko wa tó wó láti èṣín ńkọ́? Orí la fi ń ru kòkó la odò kọjá, díẹ̀ ló kù kí omi gbé bàbá rẹ lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Káńsẹ́lọ̀ tó ní ká dìbò fún òun kóun lè tún un ṣe, a ò fojú kàn án mọ́. Ta ló máa ra oògùn fún ẹni tí mo ti ní ara rẹ̀ le?

Wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Tèmi ò tíì balẹ̀, inú fóònù Àsmá'ù ló wà, mo sì ń bọ̀ wá gbà á. Bàbá rẹ ní kí n fi sílẹ̀, pé ẹnu ẹnì kan ò tó nǹkan. Mo ní ṣebí lọ́jọ́ ìdìbò, wọ́n ní ìbò ẹnì kan tó nǹkan. Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí mi, kí o sì bá mi wá ibi tí àwọn ọ̀mọ̀wé náà ń jókòó. Méjì ni n ó fún tiwa-n-tiwa náà. Mi ò ní fún un ní òdo, torí ẹ̀mí ṣì wà níbẹ̀, ẹni tó bá sì lẹ́mìí là ń tọ́jú.

Ó ku ẹyọ kan. Tí o bá pè mí lọ́jọ́ Àìkú, tí o ní ṣé ara le, tí mo ní a dúpẹ́, má tíì gbé fóònù sílẹ̀. Orúnkún mi ti wú láti ìgbà tí afárá ti wó. Tún bi mí léèrè.

Níbi tí o wà lọ́hùn-ún, Ọlọ́run á fún ìwọ náà lẹ́ni tí yóò béèrè lẹ́ẹ̀kejì.

Èmi ni ìyá rẹ,
Wúrà