Rahila Ló Gba Àyè Yín Lórí Òkè

Bàbá mi tí mo ṣì ń fetí sí ẹsẹ̀ yín lẹ́nu ọ̀nà,

Ó ti di oṣù mẹ́wàá tí ẹ ti papòdà. Mo ti wọ yunifásítì. Mo ti ṣe ìdánwò àkọ́kọ́, àmọ́ mi ò mọ̀ bóyá mo ṣe dáadáa. Àwọn tó jókòó tì mí ń kọ̀wé bí ẹni pé wọ́n ti rí ìbéèrè náà tẹ́lẹ̀. Màmá ní kí n má da ara mi láàmú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni mo fẹ́ sọ.

Ní Sátidé tó kọjá, mo tẹ̀lé àwọn ẹgbẹ́ yín gun òkè Shere. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi náà. Ọyẹ́ ti mú gan-an. Kí a tó kúrò ní Hwolshe, nínú Jos, láàárọ̀, omi inú ike mi ti tutù débi pé ó ń dun eyín mi. Eruku ò jẹ́ ká rí orí òkè rárá. Kí n má purọ́ fún yín, owú ló gbé mi lọ.

Ẹ ṣáà mọ ìlànà yín: ẹnìkan ń ṣíwájú, ẹnìkan ń rìn kẹ́yìn, ẹni tó wà lẹ́yìn kò sì gbọdọ̀ kọjá ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo jù. Ọdún mọ́kànlá lẹ fi rìn kẹ́yìn. Mo ti rò pé ọmọ yín ni wọn yóò fi síbẹ̀. Baba Sani, olórí wọn, kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní Rahila ni. Rahila ọmọ aládùúgbò wa, tí ẹ ti ń mú lọ láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá.

Bí a ṣe ń gòkè, ó ń ka ìṣísẹ̀ lẹ́yìn mi: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ọmọ tí kì í ṣe Yorùbá. Ohùn Ìjẹ̀ṣà yín gan-an ló fi ń kà á. Èmi ọmọ yín, Hausa ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí mi lẹ́nu tí mo bá ń ka nǹkan. Ìgbà wo lẹ kọ́ ọ? Kí ló dé tí ẹ ò kọ́ mi?

Mo sáré rìn kí n má baà gbọ́ ohùn rẹ̀. A dé ibi àpáta tí èèyàn gbọdọ̀ fi ọwọ́ gùn. Mo di í mú, ọwọ́ mi yọ̀, òkúta ha àyà mi. Rahila ló fa báàgì mi mú.

"Ta ló ń fi òrí pa àtẹ́lẹwọ́ kó tó gun àpáta? Haba, ọmọ Tíṣà. Ṣé ẹja lo fẹ́ dà ni?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo ti fi òrí para láti orí dé ẹsẹ̀ bí gbogbo ẹni tó bá ní làákàyè nínú òtútù Jos. Ó bu yẹ̀pẹ̀ gbígbẹ, ó fi ra ọwọ́ mi títí òrí fi tán níbẹ̀. Ó ní ẹ̀yin lẹ kọ́ òun: òrí fún ojú àti ẹsẹ̀, kì í ṣe fún ọwọ́. Ọdún mélòó ni mo fi pa òrí sí ọwọ́ yín tó ti sán, níwájú sítóòfù, tí mo ń rò pé ẹ ò mọ ara tọ́jú ni?

Lókè, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ bí ẹni tó ń bá wa jà. A sá pamọ́ sẹ́yìn àpáta kan, ó da tíì fún mi nínú ìdérí fúláàsì. Mi ò lè pa á mọ́ra mọ́. Mo bi í pé kí ló dé tí ẹ fi ń mú òun tí ẹ kì í mú mi.

Ó wò mí bí ẹni tí mò ń bá ṣeré.

"Ìwọ? Ìwọ lo kọ̀ o. Bàbá ẹ ní gbogbo Sátidé ni àwọn máa ń di ẹsẹ̀ ẹ mú lórí bùláńkẹ́ẹ̀tì, wàá sì fà á padà. Wọ́n ní àwọn ò lè fi tipátipá jí ọmọ."

Mo rántí ọwọ́ yẹn, Bàbá. Mo rò pé ẹ ń wò ó bóyá aṣọ bò mí ni. Màá fa ẹsẹ̀ mi padà, màá ṣe bí ẹni tó sùn, títí ilẹ̀kùn á fi padé. Nígbà náà ni màá wá dùbúlẹ̀ síbẹ̀, tí màá máa gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yin àti Rahila tó ń lọ, tí màá máa jowú.

Tí ẹ bá pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀kan péré ńkọ́? Tí èmi náà bá la ojú ńkọ́?

Nígbà tí a fẹ́ máa sọ̀kalẹ̀, mo bẹ Rahila pé kó jẹ́ kí n rìn kẹ́yìn. Ó yà fún mi. "Má kọjá ẹnikẹ́ni o." Mi ò kọjá ẹnikẹ́ni. Bí ó ti ń lọ níwájú, ó ń bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú rẹ̀ á wá ẹlòmíràn, á bá mi níbẹ̀, á sì yí padà. Mo jowú ìyẹn náà. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi bojú wẹ̀yìn tó sì rí yín. Èmi náà wo ẹ̀yìn mi. Eruku nìkan ni.

Sátidé tó ń bọ̀, a tún ń lọ. Mi ò mọ̀ bóyá wọn yóò fún mi ní àyè náà.

Èmi ni, ọmọ yín tó ti jí.