Ta Ni Yóò Wó Ẹ̀rọ Afẹ́fẹ́ Orí Òkè Wa?

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú ojú tó ń dùn yín, ẹ kú ìfaradà. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Sabon Gari níbí. Mo kí Ẹ̀gbọ́n Délé, olórí ẹbí wa, mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo kí àwọn àbúrò lọ́kùnrin lóbìnrin. Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n ni mo bẹ̀ kó ka lẹ́tà yìí sí yín létí, kó má sì fo ìlà kankan. Mo ti ní kí ìwé ìròyìn tẹ̀ ẹ́ jáde pẹ̀lú, torí gbogbo ìgbà tí mo bá pe Ẹ̀gbọ́n, ohun tó ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ ilé kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù. Ó dáa. Kí gbogbo ẹbí gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọyẹ́ ti dé síbí. Eruku bo gbogbo nǹkan, ètè wa ti sán. Mo ṣì ń ta ẹ̀wà àti ẹ̀pà lábẹ́ agboòrùn lọ́jà Sabon Gari, bàbá àwọn ọmọ ṣì ń tún ọkọ̀ ṣe ní àdúgbò Brigade. Àwọn ọmọ-ọmọ yín ńkọ́? Wọ́n ti di ọmọ Kánò pátápátá. Bí mo bá fi Yorùbá bá wọn wí, Hausa ni wọ́n fi ń bẹ̀ mí. Ó ń pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì ń dùn mí. Lọ́jọ́ Ìsinmi, tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí ariwo Ibo Road bá ń gba ojú fèrèsé wọlé, mi ò rí ẹni tí mo lè bá jókòó sọ ọ̀rọ̀ ilé. Èyí tó wà lọ́kàn mi báyìí, èmi nìkan ló ń dà á rò.

Ìyá, ìwé tí Ẹ̀gbọ́n fi rán awakọ̀ ti dé ọwọ́ mi. Wọ́n fẹ́ kí n tẹ̀ka sí i, kí ilé-iṣẹ́ kan lè ri ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ mọ́ ilẹ̀ Bàbá lórí òkè, àwọn fáànù gàgàrà tí atẹ́gùn ń yí, tó ń di iná mànàmáná. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi nílò ìka mi. Ìyàwó méjì ni Bàbá fẹ́, ìdí igi méjì ló ni ilẹ̀ náà; Ẹ̀gbọ́n ni àgbà ìdí igi kejì, èmi sì ni àkọ́bí yín. Bí ìka ìdí igi kan bá yẹ̀, ìwé yẹn ò lè dúró. Mo tún mọ̀ pé owó àkọ́kọ́ tí ilé-iṣẹ́ bá san ni Ẹ̀gbọ́n ní òun máa fi ṣe iṣẹ́ abẹ ojú yín. Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí le fún mi nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fi ojú ara mi rí. Málàmù Habu, àgbẹ̀ tó ń kó ẹ̀wà wá fún mi, ìyàwó rẹ̀ bímọ, mo sì lọ bá wọn ṣe ìsọmọlórúkọ lábúlé wọn. Irú fáànù bẹ́ẹ̀ kan wà láàárín oko rẹ̀. Ó ga ju gogoro mọ́sálásí lọ, kò sì mira. Mo ní wọ́n kú oríire, wọ́n mà níná. Ó kàn mi orí ni, ó ní iná ti kú tipẹ́, òkú rẹ̀ ni wọn ò rí ẹni gbé.

Ó ní nígbà tí ẹ̀rọ náà bàjẹ́, ilé-iṣẹ́ tó gbé e wá ti ta ara rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Wọ́n tọ ẹni tó rà á lọ. Onítọ̀hún ní èyí tó ń ṣiṣẹ́ lòun rà, òun ò ra èyí tó kú. Abúlé wá rò pé kò burú, irin tó tó báyìí, àwọn á tà á. Àwọn 'yan bola tó ń ra àlòkù irin dé, wọ́n tú wáyà bàbà àti ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n lọ, wọn ò tún padà wá mọ́ dòní. Èyí tó kù, àfi kirení, ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù ńlá. Iye tí oníkirení pè ju iye tí irin náà lè tà lọ. Apá fáànù ọ̀hún pàápàá kì í ṣe irin, kì í ṣe igi, kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀kan já nínú ìjì, ó balẹ̀ sáàárín ẹ̀pà. Ọlọ́run ló yọ ìyàwó Málàmù, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀ ni. Láti ọjọ́ náà, Málàmù ò roko nísàlẹ̀ rẹ̀ mọ́, eèsún ti gba ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n tilẹ̀ gbẹ́ ìdí rẹ̀, kọnkéré ni wọ́n bá, wọ́n gbẹ́ títí ó rẹ̀ wọ́n, wọn ò dé ìsàlẹ̀ rẹ̀; ihò náà ṣì wà níbẹ̀, mo wò ó.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Ẹ̀gbọ́n. Ó ní kí n má fi ọ̀rọ̀ àwọn ará ibẹ̀ dẹ́rù ba àwọn. Mo wá rán an létí òfin Bàbá. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé àlejò tó bá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ Bàbá, iṣu, àgbàdo àti gbágùúdá ló lè gbìn. Kò gbọdọ̀ gbin kòkó, kò gbọdọ̀ gbin obì, torí ẹni tó bá gbin igi sórí ilẹ̀ ẹni kò ní lọ mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ní irin kì í ta gbòǹgbò, Àsàbí. Háà! Gbòǹgbò tí mo fojú rí!

Ẹ gbọ́, mi ò ní kí wọ́n má gbé iná wá. Ta ló kórìíra iná? Ṣùgbọ́n ìwé náà kàn sọ pé nígbà tó bá yá, ilé-iṣẹ́ á kó ẹrù rẹ̀ lọ. Owó wo ni wọ́n á fi kó o? Nínú àdáṣè, èsúsú tí àwa obìnrin ọjà ń dá níbí, ẹni tó bá kọ́kọ́ kó là ń bẹ̀rù, torí òun ló lè sá. Kí ó tó gba owó, á kó ọjà sílẹ̀ ṣe ìdúró lọ́dọ̀ ìyá àdáṣè, olórí wa. Ilé-iṣẹ́ yìí ló máa kọ́kọ́ kó o. Wọ́n á jèrè atẹ́gùn wa fún ọdún gbọọrọ, ìgbẹ̀yìn ni wọ́n sì fẹ́ san tiwọn. Kí wọ́n fi owó ìwólulẹ̀ sí báǹkì kí wọ́n tó gbẹ́ ihò kan ṣoṣo, kí wọ́n máa fi kún un bí ọjà ṣe ń gbówó lórí, kí wọ́n sì kọ ibi tí wọ́n máa hú kọnkéré náà dé. Kí àwọn má lè dá a gbà, kí àwa náà má lè dá a ná. Àbí ẹ ò mọ̀ wá ni? Bó bá wà lọ́wọ́ wa, ìsìnkú kan ló máa jẹ ẹ́ tán.

Ẹ̀gbọ́n bá mi gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn, mo dúpẹ́. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò béèrè irú rẹ̀ rí lọ́wọ́ àwọn, pé bí a bá pẹ́, àwọn á lọ bá ẹbí tó wà lódìkejì òkè. Ni Ẹ̀gbọ́n bá ní èmi tí mo jókòó sí ilẹ̀ Hausa ni mo fẹ́ fọ́ ìyá mi lójú.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun. Ó sì tún wá burú sí i nígbà tí ẹ̀yin fúnra yín pè mí, tí ẹ ní kí n tẹ̀ ẹ́ jàre, pé ojú àwọn ọmọ mi lẹ fẹ́ rí kí ẹ tó kú. Níwájú oníbàárà ni mo ti bú sẹ́kún.

Ìyá mi, mi ò tẹ̀ ẹ́. Ẹ dárí jì mí. Mo lọ kúnlẹ̀ fún ìyá àdáṣè, mo ní kí ó jẹ́ kí n kó tèmi ṣáájú láti fi ṣe ojú yín, ó sì gbà. Owó tí mo fẹ́ fi gba ṣọ́ọ̀bù ni, ẹlòmíràn ti gba ṣọ́ọ̀bù náà, n ó ṣì wà lábẹ́ agboòrùn. Ẹ múra, ẹ máa bọ̀ ní Kánò. Àwọn dókítà ojú wà níbí. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò mọ̀ bóyá yóò tó, mi ò sì mọ̀ bóyá ilé-iṣẹ́ náà á dúró. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ dé.

Kí Olúwa mú yín dé láyọ̀, kí ó má jẹ̀ẹ́ kí ojú yín kú mọ́ yín lórí. Kí ilé tòrò, kí ìjà má wọ àárín ọmọ Bàbá. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ẹ bá mi kí Ẹ̀gbọ́n, mi ò bá a jà. Bí ojú yín bá ti là, tí ẹ ti wo ojú àwọn ọmọ-ọmọ yín tẹ́rùn, màá mú yín lọ sí oko Málàmù Habu. Kí ẹ dúró sábẹ́ nǹkan yẹn, kí ẹ gbójú sókè wò ó. Bí ẹ bá wò ó tán, tí ẹ ṣì ní kí n tẹ̀ka, níbẹ̀ ni màá ti tẹ̀ ẹ́.

Èmi ni, ọmọ yín,
Àsàbí.