Ta Ni Yóò Bá Mi Rìn Lọ sí Apá Kejì?

14, Òpópónà Loom,
Ottersclough,
Lancashire.
28 Oṣù Kẹrin, 1997.

Norman, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Doreen ọmọ rẹ ńkọ́, àti àwọn ọmọ-ọmọ? Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé oòrùn Ọsirélíà ti bá ọ wò ó? Ara tèmi le, àfi ilé tó dákẹ́ jù. Láti ìgbà tí Edna ìyàwó mi ti kú, tí ìwọ náà sì ti kó lọ lọ́dún tó kọjá, kẹ́tùlù tí mo fi ń se omi tíì ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ó ti parí o. Lọ́jọ́ Sátidé ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa, àwọn Ahunṣọ, gbá bọ́ọ̀lù ìkẹyìn ní pápá wa, Tenter Field. Wọ́n fẹ́ wó o, kí wọ́n fi kọ́ ilé ìtajà.

Nígbà tí wọ́n gba ìsinmi, alága ka ìtàn ẹgbẹ́ wa sétí gbogbo èèyàn. Ó ní ọ̀gá ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1886. Ọ̀gá kẹ̀! Ọ̀gá tó fẹ́ lé bàbá bàbá rẹ lẹ́nu iṣẹ́, torí pé òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gé bẹ́líìtì awọ tó ń yí ẹ̀rọ ìhunṣọ, wọ́n fi rán bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ wa gbá! Kò sì sọ nǹkan kan nípa ọ̀dùnkún tí àwọn ìyá wa gbìn sí àárín pápá nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí oúnjẹ wọ́n.

N kò dúró kó parí rẹ̀. Mo dìde láti lọ sí apá kejì pápá, níbi tí àwọn agbábọ́ọ̀lù wa yóò ti máa wá góòlù lẹ́yìn ìsinmi, bí èmi àti ìwọ ti ń ṣe láti kékeré. Kò sẹ́lòmíì tó dìde. Obìnrin ẹ̀ṣọ́ kan dá mi dúró.

"Bàbá, níbo lẹ tún ń lọ? Ẹ ò rí i pé gbogbo èèyàn jókòó ni?"

"Ẹsẹ̀ mi ni kó o bi, ọmọ mi. Láti ọdún 1934 ló ti ń lọ, kì í gbàṣẹ lọ́wọ́ mi."

"Ó dáa, ẹ rọra o. Ẹ má ṣubú lé mi lọ́wọ́ lónìí."

Èmi nìkan ni mo dúró lẹ́yìn àwọ̀n. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú méjì, bọ́ọ̀lù wọlé níṣojú mi gan-an. Mo ké, mo yíjú sápá òsì, níbi tí o máa ń dúró sí, láti dì mọ́ ọ. Norman, irin ọgbà pápá ni mo dì mọ́. Wọ́n ní ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Àwa méjì ṣe é ju ọgọ́ta lọ, mo ti rò pé òwe yẹn kò kàn wá.

Ní pápá tuntun tí ẹgbẹ́ wa ń kó lọ, oníkálukú ló ní ìjókòó tirẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè kúrò lápá kan lọ sí èkejì. Fọ́ọ̀mù tí mo máa fi yan tèmi wà lórí tábìlì, n kò tíì kọ nǹkan kan sí i. Jọ̀wọ́, bá mi yàn án, kí o sì kọ̀wé sí mi kí oṣù kẹfà tó parí. Mo mọ̀ pé o ò ní padà wá. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìwọ lo yan ibi tí mo jókòó sí, ìgbàkígbà tí góòlù bá wọlé lápá kejì, n ó rí ẹni bú.

Bá mi kí Doreen àti àwọn ọmọ.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tó ṣẹ́kù sílé,
Stanley Birtwell.