Ibi Tí Ìtànṣán Dúró Sí

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kọkànlá 2025. Aráromí.
Ojú ọ̀tún Ìtẹ́ kò ríran mọ́. Dókítà ojú ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ti òsì ṣì dára – títí di òní.
Ìtẹ́olúwakìṣí, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ọmọ àbúrò mi Rhoda. Ó di ọdún méjì tí wọ́n fi ìtànṣán pírótọ́ọ̀nù jó kókó jẹjẹrẹ tó wà nídìí ojú rẹ̀, lókè òkun, ní ìlú tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo ní kí wọ́n gbé e wá.
Láti ẹnu ọ̀nà ilé Rhoda dé etí òkun: ìgbésẹ̀ mọ́kànlélógójì.

Ọjọ́rú, 5.
Nídìí ẹja tó ń yan, Rhoda bi mí bóyá ìtànṣán yẹn mọ ibi tó yẹ kó dúró. Mo ní ó mọ̀ ọ́n. X-ray máa ń la ara kọjá ni. Pírótọ́ọ̀nù ń rọra kọjá, ibi tó bá ti dúró ló ń sọ gbogbo ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ sí.
Ó wo òkun. "Bí omi yìí náà ni, Bùrọ̀dá. Kì í ṣe àárín òkun ló ti ń ba nǹkan jẹ́. Ẹnu ọ̀nà wa ni."
Mo ti fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kọ́ni nípa ìtànṣán. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó sọ ọ́ báyìí rí.

Ọjọ́bọ̀, 6.
Ìgbésẹ̀ ti di ogójì.

Ọjọ́ Àìkú, 9.
Kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Níbi gbogbo, wọ́n gbà pé agbára pírótọ́ọ̀nù lára sẹ́ẹ̀lì jẹ́ ìlọ́po 1.1 ti X-ray. Bàbá Arúgbó ni mo ń pe nọ́ńbà yẹn. Òun ni wọ́n fi ṣírò ìtànṣán Ìtẹ́.
Iṣẹ́ tiwa: a ó tan ìtànṣán sí sẹ́ẹ̀lì nínú abọ́, a ó fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Èyí tí kò kú yóò bí sí i, yóò di agbo. A ó ka agbo. Láàárín ọ̀nà ìtànṣán, Bàbá Arúgbó kò purọ́. Níbi tí ìtànṣán ti ń dúró, gbogbo wa mọ̀ pé nọ́ńbà náà ń ga sí i. Iye tó fi ń ga la ń jiyàn lé.
Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn mo rí 1.4 níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Mo ní bóyá abọ́ ló ní àbùkù, a ó tún un dán wò. Mo tì í sínú dúrọ́ọ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tọ́jú Ìtẹ́. Ẹ̀yìn kókó gan-an, níbi tí ìtànṣán ti dúró, ni iṣan ojú wà.
N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́rú, 12.
Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní èbúté nìkan. Dámilọ́lá, tí mo fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún, fi iye agbo ránṣẹ́. Mo ṣírò rẹ̀ lórí ìjókòó ọkọ̀ ojú omi Godspower. 1.38. 1.41. 1.44.
Godspower ní, "Prófẹ́sọ̀, ẹ tẹjú mọ́ fóònù bíi pé ẹja máa jáde níbẹ̀."

Ọjọ́ Ẹtì, 14.
Mo sọ ọ̀rọ̀ 1.4 náà fún Rhoda. Kò dáwọ́ ẹja yíyan dúró. Ó bi mí: ká ní mo ti sọ nígbà yẹn ńkọ́? Mo ní bóyá wọn ì bá gba ẹ̀gbẹ́ mìíràn tan ìtànṣán náà.
"Ẹ má sọ bóyá fún mi. Ẹ̀yin lẹ máa ń ka nǹkan."
Ìtẹ́ ló gbé oúnjẹ mi wá, ọwọ́ kan lára ògiri.

Ọjọ́ Ajé, 17.
Ìtẹ́ bá mi ka ìgbésẹ̀, ó di ojú méjèèjì. Ó ní méjìdínlógójì. Òótọ́ ni.
Lẹ́yìn náà: "Àńkù, ìkùukùu ti wà lójú òsì. Ẹ má tíì sọ fún Mọ́mì."
Mo sọ fún Rhoda. N kò tún ní fi nǹkan pa mọ́.

Ọjọ́rú, 19.
Wọ́n ya àwòrán orí Ìtẹ́ ní Èkó lánàá. Ọ̀kan nínú méjì ni. Bí kókó bá ti padà, a ó pàdánù Ìtẹ́. Bí ó bá jẹ́ ìtànṣán ló jó iṣan, ó lè fọ́jú, ṣùgbọ́n yóò wà láàyè – èmi ni mo sì fà á.
Nínú ọkọ̀ ojú omi, Ìtẹ́ sùn sí itan ìyá rẹ̀. Rhoda kò wojú mi. "Bùrọ̀dá, mo ń gbàdúrà pé kó jẹ́ ẹ̀yin."
Mo ní èmi náà.

Ọjọ́ Ẹtì, 21.
Mẹ́tàdínlógójì. Dókítà ní èsì àwòrán yóò dé kó tó di ọ̀sán. Èmi àti Rhoda ti wà ní èbúté láti aago méje àárọ̀. Fóònù dún lẹ́ẹ̀kan – Dámilọ́lá ni, ó ń bèèrè bóyá kó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìròyìn 1.4 náà. Mo ní kó kọ ọ́.
Aago méjì ti kọjá. Èsì kò tíì dé.