Ohùn Yín Ni Mo Fi Pe Ìyá Àgbà

Bàbá mi àtàtà,

Mo tún ti ṣe é o, mo sín èèyàn jẹ. Ohùn yín ni mo lò lọ́tẹ̀ yìí.

Kókó kan yọ sí Títí àbúrò mi lọ́rùn. Ìyá àgbà, ìyá yín, ní ṣegede ni, ó po búlúù ìfọṣọ, ó kùn ún sí i lọ́rùn bí wọ́n ṣe ń ṣe fún gbogbo ọmọ Ọ̀kà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú. Mo ń pe Títí ní alángbá orí àpáta. Ṣùgbọ́n ṣegede máa ń dunni téèyàn bá ń jẹun. Mo tẹ kókó yìí, ẹ̀rín ló ń rín. Tó bá jí láàárọ̀, òógùn á ti mú kí aṣọ rẹ̀ tutù rinrin, ó sì ń rù. Ṣé kì í ṣe bí àìsàn tó pa yín ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn?

Mo sọ fún ìyá àgbà. Ó ní, “Ìwọ yìí, ta ló mọ ìgbà tó ò ń ṣeré?”

Kò purọ́. Ni mo bá gba ẹ̀yìn ilé lọ níbi tó ti ń fẹ́ná, mo wúkọ́ bíi tiyín, mo fa ohùn: “Ìyá mi, ẹ gbé Títí lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìkàrẹ́ jàre.” Abẹ̀bẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mọ̀ pé èmi ni, torí ó sọ bàtà lù mí. Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó nu ojú, ó ní, “Lọ pe ọlọ́kadà wá.”

Níbẹ̀, àwọn dókítà gé díẹ̀ lára kókó náà lọ yẹ̀ wò. Nígbà tí èsì dé, wọ́n kọ C81 sára fáìlì rẹ̀. Èmi ni mo máa ń gbé tiyín, C85 ló wà níbẹ̀. Mo bi dókítà bóyá Títí fi mẹ́rin sàn jù yín lọ ni. Ó rẹ́rìn-ín. “Kì í ṣe máàkì ìdánwò o. Orúkọ àrùn la fi ń kọ.” Ó ní jẹjẹrẹ tó ń mú kókó ọrùn àti abíyá ni méjèèjì, àmọ́ ẹ̀yà wọn yàtọ̀, irú ti Títí sábà máa ń gbọ́ ti oògùn, a sì tètè wá. Bàbá, ká ní àwa náà tètè gbé yín wá ńkọ́?

Oògùn náà ti mú kí irun Títí re. Ó ń sọ ládùúgbò pé èmi ni mo fá a. Kókó náà ti kéré bí ẹ̀pà, dókítà ní oògùn ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Lánàá, ó jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán, ó na ọwọ́ sínú àwo mi, ó mú ẹran. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ọmọ yín tí kì í jókòó jẹ́ẹ́, tó fẹ́ràn yín gan-an.