Ìlà Pupa Ara Ìkòkò Mi

Ilé-Ifẹ̀, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀

Inú ṣì ń bí mi. Ìyá Ìjọ ní kí n ha ìlà pupa kúrò lára ìkòkò òdòdó tí mo mọ fún ṣọ́ọ̀ṣì wa. Wọ́n ní ó jọ ejò, pé ti òrìṣà ni.

Ilẹ̀pa lásán ni mo fi ìyẹ́ adìẹ kùn, bí ìyá mi ṣe kọ́ mi!

Mo mú àpáàdì ayé àtijọ́ kan jáde. Irú ìlà yẹn gan-an ló wà lára rẹ̀.

“Níbo lo ti rí nǹkan burúkú yìí?”

“Níbi ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa ni mà, lábẹ́ pẹpẹ, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ẹ.”

Wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi, wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Bóyá wọ́n á gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíì... Kí wọ́n gbé e! Mo ti kun ìlà kejì sí i. Ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ, kó lọ ki òdòdó bọ garawa.