Ìgbà Mọ́kànlélọ́gbọ̀n Tí Mo Fún Royce Ní Bọ́ọ̀lù

Canal Bend, Florida,
Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹwàá, 2018.

Odessa, àkọ́bí mi,

Royce Tillis kú. Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù yìí, ló kú, lórí àga níwájú ilé rẹ̀, kọfí rẹ̀ ṣì gbóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni.

Ó yẹ kí n ti kọ́kọ́ kí ọ. Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Mo gbà pé ara gbogbo yín le, mo sì ń gbàdúrà pé kó máa le bẹ́ẹ̀. Èmi náà wà. Etí òsì ò gbọ́ràn mọ́, àmọ́ oúnjẹ ń wọlé. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í dáná sun oko ìrèké, eérú dúdú sì ń bọ́ sórí gbogbo aṣọ tí mo bá sá. Ìyá rẹ ì bá ti kó wọn wọlé. Imogene Battle tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Mo ti ní kó má bá mi tún ọ̀rọ̀ kankan ṣe.

Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti lọ, òkú kì í mú mi sunkún mọ́. Ènìyàn mẹ́fà ni mo ti bá wọn sin láàárín ọdún mẹ́rin, omi ò bọ́ lójú mi. Ti Royce náà, mi ò sunkún. Ojú ló ń tì mí. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyẹn.

O ti wà ní Atlanta nígbà tí Royce àti àbúrò rẹ Wendell jọ ń fọwọ́ gbé bọ́ọ̀lù sá fún ilé ẹ̀kọ́ girama wa. Kóòṣì Hadley ló ni ẹgbẹ́, àmọ́ ọwọ́ mi ni àwọn agbébọ́ọ̀lù wà. Òṣìṣẹ́ oko ìrèké tí kò mọ̀wé ni mí, ṣùgbọ́n Hadley ní ojú mi tètè ń rí ẹsẹ̀ tó ti rẹ̀. O mọ iṣẹ́ náà. Ẹni tí a bá fún ní bọ́ọ̀lù yóò gbá a mọ́ àyà, yóò forí la àárín ọkùnrin mọ́kànlá, wọn yóò sì wó o mọ́lẹ̀. Iye ìgbà tí o bá fún un ni iye ìgbà tí wọ́n á wó o. Àwọn èrò ìwòran ń ka ilẹ̀ tí ọmọ náà sá. Èmi ń ka iye ìgbà tó ṣubú.

Torí pé mi ò lè kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ̀wà gbígbẹ ni mo fi ń kà á. Ẹyọ méjìdínlógún nínú àpò ọ̀tún, ti Royce; ẹyọ méjìdínlógún nínú àpò òsì, ti Wendell. Bí ọmọ kan bá ti ṣubú, mo yọ ẹyọ kan nínú tirẹ̀, mo jù ú nù. Bí àpò rẹ̀ bá ṣófo, ó jókòó nìyẹn, kódà bí Hadley ń pariwo. Mo ti là á yé àwọn òbí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìdíje ọdún náà. Àwọn ọmọ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Wendell á ní, “Bàbá, ẹ má jẹ ẹ̀wà mi o, mo mọ̀ yín.” Royce á ní, “Ẹ jẹ tiẹ̀, Bàbá Wendell. Kò kúkú yára.”

Ní oṣù Kejìlá 1986, a dé àṣekágbá ìpínlẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ni. Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú rẹ̀, ọkùnrin kan láti yunifásítì, tó dé fìlà funfun, wá bá mi nínú oko. Ó ní àyè Wendell ti wà nílẹ̀, òun á wá sílé lọ́jọ́ Ajé kí a fọwọ́ sí i. Ó ní, “Bàbá, ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọmọ yìí pé méjì títí di ọjọ́ Ajé.” Kò tíì sí ẹni tó wá sílé Royce. Ìwé lásán ni wọ́n ń kọ sí i.

Lọ́jọ́ eré náà, Wendell gbé bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹnì kan fi orí gbá a ní itan. Ó dìde, ó gbọn ara rẹ̀, kò ṣe é ní nǹkan kan. Èmi ló ṣe. Mo ní kó lọ jókòó.

Ẹ̀wà Royce tán nígbà tí eré ṣì ku bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Mo ti ọwọ́ bọ àpò òsì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ti Wendell kà fún un. Nígbà tó yá, ó wá bá mi létí pápá, ó ń rọra tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún.

“Bàbá Wendell, ẹ̀wà mi ò tíì tán ni?”

Mo ní, “Ó kù.”

“Ó ń ṣe mí bíi pé mo ti kọjá iye mi.”

“Ìwọ lò ń kà á ni, àbí èmi?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ má bínú, sà. Orúnkún mi ló ń kà á.” Ó sì padà wọlé. Ní ìgbà kọkànlélọ́gbọ̀n, ó ṣubú, ẹsẹ̀ náà kọjú síbi tí ẹsẹ̀ kì í kọjú sí. A fi àmì mẹ́ta borí.

Imogene ti gbé kálàmù sílẹ̀ níbí yìí. Ó ní òun náà wà níbẹ̀, òun náà wà lára àwọn tó ń pariwo pé “Ẹ fún Royce.” Mo ní kó máa kọ lọ. Wọn ò mọ ohun tó wà nínú àpò mi.

Ìyá rẹ mọ̀. Nígbà tó fẹ́ fọ ṣòkòtò mi, ó bá ẹ̀wà méjì nínú àpò òsì. Ó ní, “Ephraim, ọmọ rẹ gbé bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mẹta péré. Mo kà á. Níbo ni ìyókù lọ?” Kò tún bi mí mọ́ fún odindi ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n kó tó kú, èyí sì burú ju kó máa bi mí lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo lọ gẹ irun lọ́dọ̀ Hosea Griggs. Àwọn tó wà níbẹ̀ dìde fún mi. Hosea ní, “Ẹ wò ó dáadáa. Ẹlòmíì á kó gbogbo bọ́ọ̀lù fún ọmọ ara rẹ̀. Eléyìí fi tiẹ̀ jókòó, ó gbé ọmọ ọlọ́mọ ga.” Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan wá béèrè pé òfin ẹ̀wà ńkọ́. Gbogbo ojú yí sí mi. Mo ní, “Royce ló ń bẹ̀ mí. Kò jẹ́ kí n sinmi.” Hosea ní, “Ọ̀kánjúwà bọ́ọ̀lù. Ó ti jẹ orúnkún ara ẹ̀.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Ọ̀kánjúwà. Kò sí yunifásítì tó tún kọ̀wé sí i. Ẹnubodè ilé iṣẹ́ ṣúgà ló ń ṣọ́ títí tó fi kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún ò ká mọ́.

Níbi ìsìnkú ìyá rẹ, mo gbìyànjú. Mo ní, “Royce, orúnkún rẹ yẹn...” Ó gbà á lẹ́nu mi. “Bàbá Wendell, ẹ gbé e kúrò lọ́kàn. Ẹ̀wà mi ò tíì tán nígbà yẹn. Iṣẹ́ mi ni mò ń ṣe.” Mo mi orí bíi pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní kó lọ wá oúnjẹ jẹ.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní bọ́ọ̀lù báyìí ṣì máa ń wá bi mí bí a ṣe ń pín in. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má wo ẹni tó lágbára jù, torí ẹni tó lágbára ni kì í sọ pé ó ti tó. Kí wọ́n dá iye lé e kí eré tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ojú ò tíì pọ́n ẹnikẹ́ni. Ohun tí mi ò sọ fún wọn rí ni pé ẹni tó bá ní ọmọ níbẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń kà á.

Lorraine, ìyàwó Royce, wá síbí lánàá. Wọn yóò sin ín ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, ogúnjọ́ oṣù. Ó fẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní, “Bàbá, ilé ìwé ni wọ́n ti kọ́kọ́ pe àwọn ọmọ mi ní ọmọ Ọ̀kánjúwà. Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀. Ẹ sọ bó ṣe jẹ́ kí wọ́n gbọ́.” Mo ní n ó rò ó. Kí ni mo fẹ́ rò?

Bí mo bá sọ ọ́, Wendell á mọ ohun tí mo fi rán an lọ sí yunifásítì. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni lónìí, ó sì máa ń sọ fún àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ pé òdodo ni baba òun fi kọ́ òun. Bí mi ò bá sọ ọ́, àwọn ọmọ Royce á sin ọ̀kánjúwà. Mo ti dájọ́ lẹ́ẹ̀kan níbi tí ọmọ mi wà, o ti rí bí mo ṣe dá a. Mi ò gbọdọ̀ dá a lẹ́ẹ̀kejì. Ìwọ ni àkọ́bí. Bí o bá ní kí n sọ ọ́, n ó dìde. Bí o bá ní kí Wendell kọ́kọ́ gbọ́, ìwọ ni kó o sọ fún un.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o ru ẹrù ẹlòmíì ju èyí tí mo gbé lé ọ yìí lọ. Kí àwọn ọmọ rẹ dàgbà lójú rẹ, kí wọ́n má sì ní ìdí láti tijú nítorí rẹ láé.

Èmi ni baba rẹ,
Ephraim Mobley.

Àfikún: Lorraine wọlé kí Imogene tó ká ìwé yìí. Ó tún bi mí bóyá n ó sọ̀rọ̀. Mi ò lè wojú rẹ̀. Mo ní àkọ́bí mi ni yóò dá a lóhùn, mo sì ní kí Imogene kọ nọ́ńbà rẹ fún un. Ọjọ́rú, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ni yóò pè ọ́. Jọ̀wọ́, gbé e.